Ọdún Tí Mo Fòfin De Títọ́ Omi Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, pé irú èèyàn wo ni mí, n óò sọ pé onísùúrù ni mí. Irọ́ gbuu ni. Inú mi kì í pẹ́ bí, mo sì fẹ́ràn kí n máa ṣòfin. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Yábà, èmi náà ni mo sì ń bójú tó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí. Àǹtí ni wọ́n ń pè mí lójú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ mìíràn tí wọ́n fún mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò wádìí rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó bá mi mu.

Ogun abẹ́lé ti parí ní nǹkan bí ọdún kan nígbà tí onígbáméjì wọ Èkó. Orí rédíò la ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, bí àrùn tó ń jà káàkiri àgbáyé láti ìlú kan dé òmíràn, a sì rò pé ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn èèyàn ti ń tò ní Ìdí-Àràbà láti gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti ń gbé òkú jáde ní àwọn àdúgbò tí a mọ̀. Àìsàn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni. Ẹni tó jí ní àlàáfíà lè máà rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, ọ̀gá àgbà wa, obìnrin kan tí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pe àwa olùkọ́ jọ. Ó ní ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jáde, òbí kankan kò gbọdọ̀ wọlé, a kò sì gbọdọ̀ gba oúnjẹ tàbí ohun mímu láti ìta. Ó ní bí òbí bá wá sí géètì, kí a dá wọn padà, kí a má sì sọ fún ọmọ wọn pé wọ́n wá, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ á sunkún, á sì kọ oúnjẹ. Gbogbo wa la gbà pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà dàgbà nìyẹn: ohun tó bá lè ba ọmọdé lọ́kàn jẹ́, wọn á fi pamọ́ fún un.

Òfin tèmi wá gun orí tirẹ̀. Mo ní kí olórí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ìwé náà wú mi lórí. Ó kù díẹ̀ kí n fi férémù sí i. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ti sọ ọ́ láàrin ara wọn pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú ìwé yẹn, ọkọ̀ á wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn tó ń ràn, kò sì ní padà mọ́. Ni wọ́n bá ń mú un mọ́ra. Odidi ilé ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ aṣọ, èmi sì ń wo ìwé mi tó mọ́ tónítóní, mo ń yin ara mi.

Òfin kejì jẹ́ ti omi. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé mọ̀ pé ọmọ kì í gbé omi fún àgbà láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Á kúnlẹ̀, á mu díẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ gbé e fún, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀ pé kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Mo fòfin dè é. Mo ní ẹnu méjì kò gbọdọ̀ kan ife kan, mo sì kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná gàdàgbà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀, a fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára. Omi sísè nìkan ló wà nínú àgbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi fúnra mi ni mo sì ń pín in, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ àkọ́kọ́ tó gbé omi fún mi láìtọ́ ọ wò kò lè wò mí lójú. Ó ń ṣe é bí ẹni pé ó bú mi.

Ẹni tí a jọ ń bójú tó ilé náà ni mátíróònù wa, àgbàlagbà obìnrin kan tó ti sin ọkọ, tó sì ti tọ́ ọmọ méje. Ìyá Mátíróònù là ń pè é. Kò kàwé púpọ̀, kò sì ka òfin mi sí púpọ̀. Bí mo bá ń pariwo, á kàn máa wò mí bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Ọyẹ́ mú gan-an lóṣù náà. Gbogbo òdòdó ẹ̀gbẹ́ ilé ló ti rọ, àyàfi ẹyọ kan lábẹ́ fèrèsé kan báyìí. Tìyẹn tutù yọ̀yọ̀, ó tilẹ̀ ń yọ ewé tuntun. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá lára rẹ̀, n kò bi ara mi léèrè ohun kan, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òjò àti ọ̀dá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ kan dákú nígbà tí a ń kọrin ìsìn àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, kíláàsì kejì ló wà, ó ga, ó tínrín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni wọ́n ń gbé. A rò pé onígbáméjì ti dé. Nọ́ọ̀sì tí a pè wò ó fínnífínní, ó ní onígbáméjì kọ́. Ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà.

Ó ní, “Ọmọ yìí ò mu omi tó.”

Mo ní èmi gan-an ni mò ń fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

“Mi ò sọ pé ẹ ò fún un, Àǹtí. Mo ní kò mu ún ni.”

A gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bojú wo ìta láti ojú fèrèsé tó wà lókè orí rẹ̀, mo sì rí òdòdó tútù yọ̀yọ̀ náà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ń da omi rẹ̀ sí láti ọjọ́ tí a ti wọlé. Ẹ̀kọ mímu àti omi ọbẹ̀ ló ń gbé e ró, nígbà tó sì yá, ó fi ẹ̀kọ náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun yóò padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Bí kò bá tíì máa mu omi títí dìgbà náà, wọn yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi abẹ́rẹ́ fa omi sí i lára, ibi tí a sì mọ̀ pé wọ́n á gbé e lọ kún fún àwọn tí onígbáméjì ń ṣe.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ni ẹ̀rù tèmi máa ń bá jáde. Mo ní, “Omi tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, tí èéfín ń ta mí lójú, ìwọ ń dà á fún òdòdó?” Mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó pa ètè rẹ̀ dé. Mo ṣàlàyé fún un bí iná ṣe ń pa kòkòrò inú omi, mo tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Mo mu omi náà lójú rẹ̀ kí ó lè rí i pé n kò kú. Ó kàn ń wò mí. Ọsàn nìkan ló gbà. Ó mu méjì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà.

“Ti ọsàn, ẹnikẹ́ni ò pọn ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi.

Ìyá Mátíróònù fà mí lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní, “Àǹtí, ẹnu yín ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ lè jókòó tì wá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀.” Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ní kí n ṣe láyé mi, èyí le jù.

Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí kan wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó pín in fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gúsí tó le àti èyí tó rọ̀, nípa bàtà rẹ̀ tó já ní ọ̀nà Sábó, nípa adìyẹ ẹnìkan tó ń yé ẹyin sínú àpótí aṣọ. Gbogbo ìgbà tí ẹnu bá ń yún mi, mo ń ju ẹ̀gúsí sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ọmọ náà kò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹ̀gúsí sọ ọ́.

Ó ní òun ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta. Lásìkò ìsinmi, omi ẹ̀rọ dáwọ́ dúró ní àdúgbò wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ rán an lọ sí ibi ẹ̀rọ kan tó jìnnà, tó ṣì ń yọ omi. Ìlà gùn níbẹ̀, oòrùn mú, ó sì yà sí kànga kan lójú ọ̀nà, ó pọn ọ́n, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́. Kò rí ọjọ́ kẹta.

“Wọ́n mú mi lọ sílé àbúrò ìyá mi,” ó ní. “Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi ò bá mi sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí ni. Ìyá àwọn tó kù ń wá síbi géètì, a máa ń rí gèlè wọn láti òkè. Tèmi ò wá. Ó mọ̀ pé èmi ni mo pọn omi yẹn.”

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìyá rẹ̀. Obìnrin kan ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé páànù òwú àti bọ́tìnì sórí, tó bo gèlè rẹ̀, ó sì sọ ọmọ tó wá wò fún mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo dá a padà kí ó tó kí mi tán. Nígbà kejì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ kàn bá mi sọ fún un pé mo wá.” Mo ní kò burú. Ojú géètì náà ni mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Mo rò pé mò ń ṣàánú ọmọ náà ni.

Mo sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Ìyá rẹ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Èmi ni mo dá a padà.” Ó gbójú sókè wò mí, mo sì rí i pé kò gbà mí gbọ́. N kò lè dá a lẹ́bi. Kí ló fẹ́ rí lára mi tí yóò fi gbà mí gbọ́?

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, “Rúùlù ni rúùlù.” Mo ní mo mọ̀, pé èmi náà ti ṣe tèmi kún un, pé bí wọ́n bá sì gbé ọmọ yìí lọ sáàrin àwọn aláìsàn lọ́la, àwa la rán an lọ. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́ títí. Ó wá ní, “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níbi géètì. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ ti ìta wọlé.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí í ṣe ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò padà wá, mo gba Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni obìnrin náà ń tajà sí. Bó ṣe rí mi, ó mọ̀ mí, páànù ọwọ́ rẹ̀ sì dà sílẹ̀ yàà. Ó rò pé mo wá tú ọ̀fọ̀ kejì fún un ni. Mo kúnlẹ̀ láàrin bọ́tìnì tó fọ́n ká, mo ní, “Ó wà láàyè, mà, ó wà láàyè,” mo sì ń ṣà wọ́n bí mo ṣe ń ro ẹjọ́ tèmi.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

“Omi yẹn, gbogbo wa la mu ún, Àǹtí. Èmi mu ún, bàbá rẹ̀ mu ún, òun tó pọn ọ́n náà mu ún. Ta ló mọ̀ bóyá omi ni, àbí àkàrà tí mo rà fún àbúrò rẹ̀ lójú títì?” Ó gba bọ́tìnì tí mo ṣà lọ́wọ́ mi. “Àwọn àgbà ilé wa ní wọn kì í sọ̀rọ̀ ọmọ tó bá lọ báyẹn. Wọ́n ní tí mo bá ń dárúkọ rẹ̀, ọkàn èyí tó kù á bàjẹ́. Torí tirẹ̀ ni mo fi pa ẹnu mọ́.”

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Ojú tì mí, mo sì ń wá bọ́tìnì tí kò sí nílẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé sí géètì wa, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Mo ti ro oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ó sọ, mo tilẹ̀ kọ́ ọ ní díẹ̀ nígbà tí a wà nídìí ọjà rẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan. Ọmọ náà jáde wá pẹ̀lú Ìyá Mátíróònù, ó kúnlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí géètì, kò gbójú sókè.

“Ẹ káàsán, mà.”

Ìyá rẹ̀ fi etí ìró nu ojú. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá fún mi.”

Ọmọ náà kò mira. Mo la ẹnu láti rán ẹlòmíràn, Ìyá Mátíróònù sì fi ìgúnpá gún mi ní ẹ̀gbẹ́. A dúró. Nígbà tó yá, ọmọ náà dìde, ó lọ sídìí àgbá. Ó fọ ife rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bu omi sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bọ̀, ó rọra ń rìn, ó kúnlẹ̀, ó sì na ife náà sáàrin irin géètì.

Ìyá rẹ̀ kò gbà á. Ó ní, “Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ láti gbé omi fún àgbà nìyẹn?”

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń bèèrè. Òfin mi wà lára ògiri lẹ́yìn wa, mo sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọmọ náà fa ife náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Omi ń dà sí i láyà. Ó gbé e sẹ́nu. Kì í ṣe pé ó kàn fi ètè kàn án o, mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó lọ sókè tó sì padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà án sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mu ún tán pátápátá, ó da ojú ife náà délẹ̀ kí ọmọ lè rí i.

“Omi tí ọmọ mi bù fún mi,” ó ní. “Ó dùn. Bu òmíràn.”

Ó lọ bu òmíràn. Ó tọ́ ọ wò, ìyá rẹ̀ mu ìyókù. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omijé ti ń dà sínú ife náà, ìyá sì mu ìyẹn pẹ̀lú. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ wọlé láàrin irin, ó gbé e lé orí ọmọ, ó sì dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú. Ó ní, “Mò ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ náà máa rántí rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo pa á.” Àwọn méjèèjì sunkún, èmi náà sunkún débi pé n kò mọ ìgbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà pé. Ọ̀gá àgbà wà lójú fèrèsé òkè, aago ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ní ìrọ̀lẹ́, ó tún fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà, ó bi í pé ife mélòó ló ti mu. Ọmọ náà ní márùn-ún. Kò sí ọkọ̀ tó wá gbé e.

Mo ya ìwé ilé ìyàgbẹ́ mi, mo sì fi ìwé mìíràn sí ọwọ́ aṣọ́géètì, kí ó máa kọ gbogbo òbí tó bá wá. Ní Sátidé, mo pe gbogbo àwọn ọmọ jọ sí iwájú ilé ìdáná. Mo sọ fún wọn pé àwọn òbí wọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí, pé àwa la fi pamọ́ fún wọn, pé mo ṣe àṣìṣe, mo sì tọrọ àforíjì. Mo ka orúkọ òbí tó wá lọ́sẹ̀ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ sunkún lóòótọ́, bí ọ̀gá àgbà ṣe wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jẹun.

Nígbà tí mo ka orúkọ wọn tán, ọ̀fun mi ti gbẹ, ohùn mi sì ti há. Ọmọ náà jáde láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ sídìí àgbá, ó bu omi. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, lábẹ́ òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sára ògiri, lójú gbogbo ilé. Ó tọ́ ọ wò. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, èmi tí mo dá ìyá rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà á, mo sì mu ún tán.